Exists nínú Django: kí ló sọ ọ́ di ìgbín lójijì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí kóòdù. Kubwa ni mo wà l'Ábújá níhìn-ín. Mò ń fi Django (irinṣẹ́ Python fún kíkọ́ ètò wẹ́ẹ̀bù) àti PostgreSQL (ibi tí dátà ń gbé) ṣe ìwé oníbàárà fún ọ̀gá kan tó ń ta símẹ́ńtì ní Dei-Dei. Ó fẹ́ máa rí àwọn tó ṣì jẹ ẹ́ lówó.

Count ni mo kọ́kọ́ lò. Ó ń ka gbogbo gbèsè oníbàárà tán kó tó mọ̀ bóyá ó ju òdo lọ, bí ẹni tí wọ́n bi pé "ṣé símẹ́ńtì kù?" tó wá lọ ń ka gbogbo àpò inú ṣọ́ọ̀bù. Mo bọ́ sí Exists, tó kàn ń béèrè bóyá gbèsè kankan wà, pẹ̀lú OuterRef tó ń so ìbéèrè náà mọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tí kì í wá kọjá ìlà àkọ́kọ́ tó bá rí. Ó yá gan-an.

Àfi ìgbà tí ọ̀gá ní òun tún fẹ́ àwọn tí òun fọwọ́ ara òun sàmì sí, ì báà má jẹ gbèsè. Mo fi | (ìyẹn "tàbí") so Q, tí mo fi ń wá àwọn tó sàmì sí, àti Exists pọ̀, ló bá ń wọ́ tuurutu. Nínú EXPLAIN ANALYZE, tó ń fi bí PostgreSQL ṣe ṣe ìbéèrè hàn, Semi Join (síso tábìlì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ti pòórá, SubPlan (ìbéèrè inú ìbéèrè) ló kù, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Index (atọ́ka tó ń mú wíwá yá) tí Django fi sórí ForeignKey, ìyẹn òpó tó so gbèsè mọ́ oníbàárà, nìkan ló wà níbẹ̀.

Ṣé index tó kó oníbàárà àti ipò ìsanwó pọ̀ á tó? Àbí kí n pín in sí méjì, kí n lo union láti da èsì méjèèjì pọ̀? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn union, filter tí mo fi ń ṣẹ́ èsì ò ṣiṣẹ́ mọ́, mo sì nílò rẹ̀. Ẹ má ní kí n fọwọ́ kọ SQL o, ọ̀gá ò ní fowó kún owó mi.