Orin àwọn ọmọdé ní ìjọ wa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin adarí akọrin, mo kí yín o. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí iṣẹ́ ìyìn rere wọn ti wà láti 1855, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Màmá àgbà kan tí a máa ń bẹ̀ wò kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti lé orin tí ó kọ́ ní kékeré, á gbè é láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹyìn, á sì máa fi ìka lu apá àga. Ní báyìí, yàrá ọ̀tọ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń jọ́sìn, orin Gẹ̀ẹ́sì inú fóònù ni wọ́n ń kọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè ka ìwé orin Yorùbá. Orin tuntun ń mú wọn yọ̀, n kò sì kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tí wọn yóò dì mú lọ́jọ́ ogbó ń bà mí gidigidi. Ṣé kí wọ́n máa jókòó ti àwọn òbí wọn títí orin yóò fi parí ni, àbí kí n máa kọ́ wọn ní orin kan lóṣooṣù? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ọ̀nà wo ni ẹ gbà tí kò fi sú wọn?