Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dìbò kánsù (ìjọba ìbílẹ̀) rí ní Skọ́tíláǹdì, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Edinburgh ni mò ń gbé, May 2022 ni mo kọ́kọ́ dìbò níbí, fíìsà iṣẹ́ ni mo ṣì ń lò nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àfi téèyàn bá ti gba páálí wọn, rárá o, ọmọ Commonwealth ni wá, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ́ ká dìbò, òfin 2020 wá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo àlejò tó bá níwèé ìgbélùú, kódà ọmọ Brazil tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dìbò. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọdún 16 náà di tiẹ̀, torí láti 16 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iléèwé kan ládùúgbò la lọ. Wọn ò béèrè káàdì kankan, orúkọ àti àdírẹ́sì ni, màmá àgbà kan fi rúlà wá orúkọ mi kàn, ó fa ìlà sí i, ó fún mi ní bébà. Kò sí ìtẹ̀ka o, pẹ́ńsùlù ni, nọ́ńbà lẹ máa kọ, 1 fẹ́ni tó wù yín jù, 2 fẹ́ni tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. SNP, pátì tó ń jà fún òmìnira Skọ́tíláǹdì, ló ṣíwájú, 19 nínú kánsẹ́lọ̀ 63, Labour 13, Lib Dem 12, Greens 10, Tory (Conservative) 9. Mo ní ó parí nìyẹn. Háà! Láti 2017 ni SNP àti Labour ti jọ ń darí ìlú yìí, ṣùgbọ́n Anas Sarwar, tó jẹ́ olórí Labour ní Skọ́tíláǹdì nígbà yẹn, ti ní àwọn ò bá pátì kankan da iṣẹ́ pọ̀ mọ́. SNP àti Greens pa tiwọn pọ̀, 29, kò tó 32 téèyàn fi ń ju ìdajì lọ. Ni Lib Dem àti Tory bá fìbò gbé Cammy Day ti Labour dépò olórí kánsù, pátì tó ní 13! Kánsẹ́lọ̀ Labour méjì ò bá wọn dìbò yẹn, pátì ní kí wọ́n lọ rọ́kún nílé. Inú bí mi, mi ò purọ́, torí kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn wa tó sọ fún wa pé ibẹ̀ ló máa já sí.

Ará Glasgow: Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Tiwa tiẹ̀ fún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, SNP 37, Labour 36, nínú 85! Tory tó ní 8 tẹ́lẹ̀ já sí 2. Susan Aitken ti SNP ló padà ṣe olórí láìní ìdajì.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Wọ́ọ̀dù wa, kánsẹ́lọ̀ mẹ́rin ló ń yàn, ẹni tó bá ti ní ìdá kan nínú márùn-ún ìbò àti ẹyọ kan lé ti wọlé. Ẹni tí mo kọ 1 fún ò rọ́wọ́ mú, wọ́n yọ ọ́, ìbò mi bá bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí mo kọ 2 fún, ìyẹn sì wọlé. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ 1 nìkan ó kúrò níbẹ̀, nígbà tẹ́ni tiwọn já, ìbò wọn parí síbẹ̀. Ó dùn mí fún wọn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà yín délẹ̀.

Ará Aberdeen: Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti rí èyí ní 2017. Kánsẹ́lọ̀ Labour mẹ́sàn-án wa bá Tory da iṣẹ́ pọ̀ láti darí kánsù, olú ilé pátì dá àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dúró, síbẹ̀ wọ́n ń bá a lọ. Ní 2022, SNP mú 20 nínú 45, Lib Dem mẹ́rin ló bá wọn gbé e. Iléèwé àwọn ọmọ wa, láíbírì, kíkó ilẹ̀, ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí ni gbogbo ẹ̀ wà, nítorí náà tí wọ́n bá ti kanlẹ̀kùn mi báyìí, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ò ju ẹyọ kan lọ: tẹ́ ẹ ò bá pé ìdajì, ta lẹ máa bá da iṣẹ́ pọ̀? Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n lọ láìdáhùn. May 2027 ni òmíràn, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀.

Ará Dundee ńkọ́, ẹ̀yin tí SNP mú 15 nínú 29 lọ́dọ̀ yín ní 2022, ṣé tiyín yàtọ̀ sí tiwa?