Báwo ni ìjọba ṣe lè mú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ òkèèrè jíhìn?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àkókò yìí. Ìdílé apẹja ni wọ́n bí mi sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Bodo ní ilẹ̀ Ògóni fi ń dùn mí wọra. Ní ọdún 2008, ọ̀pá tí Shell fi ń gbé epo rọ̀bì bẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, epo bo odò, ẹja pípa sì dáwọ́ dúró. Ọdún 2015 ni ilé-iṣẹ́ náà tó gbà láti san 55 mílíọ̀nù pọ́ùn, ẹjọ́ tí àwọn ará ìlú pè ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì mú un wá. Kí ni ìjọba tiwa lè ṣe, kí ẹni tí wọ́n ba odò rẹ̀ jẹ́ ní Nàìjíríà má baà máa wá ìdájọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Akọ̀wé Kóòtù:
Ẹ ṣeun. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n epo tó dà sílẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́. Ìjọba dá àjọ NOSDRA sílẹ̀ ní ọdún 2006 láti bójú tó epo tó bá dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n léraléra ló jẹ́ pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ epo ni àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà ń wọ̀ dé ibi tí epo ti dà. Ìwé àbẹ̀wò àkọ́kọ́ ní Bodo sọ pé àgbá 1,640 ló dà. Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, Shell fúnra rẹ̀ gbà pé iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ kéré sí òtítọ́. Ajigbèsè ló di òṣùwọ̀n mú! Kí ìjọba ra ọkọ̀ tirẹ̀, kó gba onímọ̀ tirẹ̀, kó sì fún ará ìlú ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Òótọ́ lẹ sọ, sà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n nìkan kò tó. Ẹ rántí MTN, ilé-iṣẹ́ fóònù, ní 2015. Òfin ti là á kalẹ̀ pé ₦200,000 ni ìtanràn lórí ìlà fóònù kọ̀ọ̀kan tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ka ìlà tó lé ní 5 mílíọ̀nù, ìtanràn sì di ₦1.04 tírílíọ̀nù. Síbẹ̀, nígbà tó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2016, ìdúnàádúrà ti sọ ọ́ di ₦330 bílíọ̀nù, tí wọn yóò san láàárín ọdún mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹun níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kó wó, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi gé owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kúrò. Ọ̀nà ti Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, tẹ́ mi lọ́rùn jù: FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé e ní 2024, Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì fọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yin méjèèjì ti là mí lójú, síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà mí lórí ohun kan. Ní 2021, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí àwọn ará Ogale àti Bille, ìlú méjì ní agbègbè Niger Delta tí epo ba odò wọn jẹ́, pe olú ilé-iṣẹ́ Shell lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2025, tí ẹjọ́ náà kò tíì parí, Shell ta ẹ̀ka rẹ̀ tó ń wa epo lórí ilẹ̀ ní Nàìjíríà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Renaissance. Bí ẹni tó ba odò jẹ́ bá ti tà á lọ, ta ni yóò tún un ṣe?

Akọ̀wé Kóòtù:
Ibẹ̀ gan-an ni agbára ìjọba pọ̀ sí jù, nítorí òfin epo ti 2021 kò gba irú títà bẹ́ẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda mínísítà epo rọ̀bì. Kí ó tó fọwọ́ sí i ló yẹ kí wọ́n ka gbogbo odò àti oko tó bàjẹ́, kí wọ́n sì gba owó àtúnṣe rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, kí wọ́n fi í pamọ́ sí báńkì ní orúkọ àwọn ìlú náà.