Ṣé postmodernism ló jẹ́ kí oníkálukú máa sọ pé òun ní òtítọ́ tòun?

Òǹbéèrè:
Mo kí gbogbo ilé. Níbi gbogbo tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn lónìí, ìbáà jẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, lórí ìtàn ogun tàbí lórí èsì ìbò, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé ohun tí òun wí ni òtítọ́ tòun, ẹnìkejì náà yóò di tirẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ yóò sì dúró síbẹ̀. Àwọn kan a máa di ẹ̀bi èyí ru àwọn amòye ilẹ̀ Faransé bíi Michel Foucault, Jacques Derrida, Jean-François Lyotard àti Jean Baudrillard, tí a sábà máa ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ postmodernism, ìyẹn èrò tó ń ṣiyèméjì sí ìgbàgbọ́ sànmánì modern pé ìrònú àti sáyẹ́ǹsì yóò tún gbogbo ayé ṣe. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ẹni tó jókòó ti àkójọ ìwé àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀, bí Foucault ti ṣe, yóò ní kò sí ohun tó ń jẹ́ òtítọ́. Ṣé tiwọn ni ẹ̀bi náà lóòótọ́? Bí kì í bá ṣe tiwọn, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa gan-an?

Olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí:
Ẹ ṣeun tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọ̀dọ̀ Lyotard ni mo rò pé ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìròyìn tó kọ ní ọdún 1979 ló sọ ọ̀rọ̀ postmodern di ìlú-mọ̀ọ́ká láàárín àwọn amòye. Ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Quebec ní Kánádà nímọ̀ràn lórí yunifásítì ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà, wọ́n fẹ́ mọ ipò tí ìmọ̀ wà nígbà tí kọ̀ǹpútà ń gbòde. Ó dá wọn lóhùn pé àwọn ìtàn ńlá tí ọ̀làjú fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀, pé sáyẹ́ǹsì yóò tú gbogbo ènìyàn sílẹ̀, pé ayé ń lọ tààrà síbi tí òṣìṣẹ́ yóò ti gba òmìnira, kò rí ẹni gbà wọ́n gbọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé irọ́ àti òótọ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tó ń bèèrè ni pé ta ló ń fọwọ́ sí i pé ìmọ̀ kan tó ìmọ̀, ta ló sì fún onítọ̀hún láṣẹ. Ó rí i pé wọn yóò máa ṣe ìmọ̀ jáde kí wọ́n lè tà á, ó sì parí ìwé náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ìmọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ẹni tí kò ka òtítọ́ sí kò ní bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ayàwòrán ilé:
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sórí ilé, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti lè rí i. Ní ọdún 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Pruitt-Igoe ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, ilé gbígbé 33 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àjà 11, tí kò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n kọ́ wọn. Charles Jencks, òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ ìkọ́lé, kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ìkọ́lé ti sànmánì modern kú sí. Gbólóhùn yẹn dùn létí, ó sì tàn káàkiri, ṣùgbọ́n àwọn tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fi hàn pé àìsí owó àtúnṣe, bí àwọn ènìyàn ti ń ṣí kúrò nínú ìlú náà, àti ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú ló ba ibẹ̀ jẹ́ ju iṣẹ́ ayàwòrán lọ. Àwọn tó ní kí a má gba ìtàn ńlá gbọ́ mọ́ ti fi ìtàn ńlá kan bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Síbẹ̀, n kò ní torí èyí kẹ́gàn ohun tí àwọn ayàwòrán ilé postmodern kọ́. Ẹ wo ilé tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ tẹlifóònù AT&T tí Philip Johnson àti John Burgee yà ní New York, tó parí ní ọdún 1984. Nígbà tí gíláàsì àti irin gbòde, tí orí àwọn ilé gíga tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n fi òkúta gíránáìtì tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bo èyí, wọ́n ṣe orí rẹ̀ ní ṣóńṣó, wọ́n sì gé àárín ṣóńṣó náà róbótó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lórí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ihò náà kò gbé nǹkan kan ró. Ìrántí ohun àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí bú u nígbà náà, ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 ìlú New York fi òfin dáàbò bo ìta ilé náà. Ìgboyà láti mú ohun àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun bẹ́ẹ̀ ló kún inú aṣọ, fíìmù àti orin òde òní.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn:
Mo gba ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ wọ́n mọ́ pátápátá. Ní ọdún 1996, onímọ̀ físíìsì kan, Alan Sokal, fi àròkọ tó mọ̀ pé kò nítumọ̀ ránṣẹ́ sí Social Text, jọ́nà kan tó gbajúmọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé èdè rẹ̀ jọ èdè tí wọ́n ń sọ. Ní ọdún 2004, Bruno Latour, tí òun fúnra rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn bí àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe ń fìdí òótọ́ múlẹ̀, kọ̀wé pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé àwọn tó ń sẹ́ pé ayé ń móoru ti gba irinṣẹ́ iyèméjì náà lò. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà: wọ́n kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn wọn láti máa bèèrè pé ta ló ń jèrè nínú ọ̀rọ̀ kan, wọn kò sì tẹnu mọ́ ọn tó pé ẹni tó bá bèèrè gbọ́dọ̀ lọ tú ìwé wò kó tó fọhùn.

Òǹbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Jürgen Habermas, amòye ilẹ̀ Jámánì, sọ ní ọdún 1980 pé iṣẹ́ sànmánì modern kò tíì parí. Ǹjẹ́ Lyotard fèsì?

Olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí:
Ó fèsì ní ọdún 1982. Ó ní postmodern kò túmọ̀ sí pé modern ti kú. Ó ní modern gan-an ni nígbà tó ń bí lọ́wọ́, àti pé ìbí náà kì í dáwọ́ dúró.