Arère ń dúdú, ìrókò ń là lẹ́nu: báwo ni ká ṣe là wọ́n, ká sì sá wọn?

PákóTútù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìrókò kan àti arère méjì wà lóòró tí a fẹ́ gé, ká là wọ́n sí pákó. Ìrókò wà fún férémù ilẹ̀kùn àti tábìlì, arère wà fún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Arère tó wà lọ́jà sábà máa ń ní àbàwọ́n dúdú bí aró, ìrókò sì máa ń là lẹ́nu méjèèjì. Ṣé níbi gígé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, àbí níbi sísá? Oṣù mélòó ni pákó íǹṣì kan ń lò kó tó gbẹ?

AyùnŃlá:
Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan náà mú igi méjèèjì. Arère ń fẹ́ kíákíá, ìrókò ń fẹ́ sùúrù.

Oúnjẹ pọ̀ lára arère. Bí gẹdú rẹ̀ bá pẹ́ nígbó, pàápàá lásìkò òjò, olu wẹ́wẹ́ tó ń mú nǹkan bu á wọ̀ ọ́, òun ló ń fa dúdú yẹn. Kòkòrò tó ń lu ihò bí orí abẹ́rẹ́ á sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ bá sọ́mìlì àti ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ kí igi tó wó. Kó dé ẹnu ayùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì to pákó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ là á gan-an. Pákó arère tútù tó sun orí ara wọn mọ́jú ti ń dúdú nìyẹn. Omi bóráàsì ń bá kòkòrò jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ afẹ́fẹ́.

Ní ti ìrókò, ẹnu gẹdú ni omi ti ń yára jáde ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹnu á sún kì nígbà tí inú ṣì tutù, ló bá là. Bí ẹ bá fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ gé e ní 12 àti íǹṣì 6. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ fi ọ̀dà tó ki tàbí àbẹ́là yíyọ́ kun ẹnu méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má jẹ́ kí àárín gbùngbùn igi wà nínú pákó kankan, yóò là dandan. Pákó tí yóò di íǹṣì 1 lẹ́yìn tí wọ́n bá fá a, ẹ là á ní 1¼.

Ìrókò mìíràn máa ń ní òkúta funfun nínú tó ń ba eyín ayùn jẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń là á, kó sì bo imú, nítorí eruku rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì máa ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Kí ẹ tó kó gẹdú kúrò nígbó, ẹ rí i pé àmì òòlù ìjọba wà lára rẹ̀ àti lára kùkùté.

ÀtòPákó:
Títò ló ń ba pákó jẹ́ jù. Kí ìsàlẹ̀ ga tó íǹṣì 18 sílẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, kí igi tí yóò gbé wọn dúró jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Láàárín ìpele kan sí èkejì, ọ̀pá gbígbẹ íǹṣì 1 sí 1 ni kí ẹ fi ya wọ́n. Ọ̀pá tútù á fi àmì sílẹ̀ lára arère. Kí ọ̀pá gbogbo ìpele wà lórí ara wọn gan-an, bẹ̀rẹ̀ láti orí igi ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yà díẹ̀, ẹrù òkè á tẹ pákó wọ àlàfo, bó bá sì gbẹ báyẹn, kò ní tọ́ mọ́. Ẹ fi àlàfo íǹṣì 1 sáàárín pákó sí pákó, páànù lórí rẹ̀, búlọ́ọ̀kù lórí páànù.

Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ arère sí afẹ́fẹ́. Ìrókò ní tirẹ̀, bí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi àpò bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ojú má baà gbẹ ju inú lọ.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, arère íǹṣì 1 á lò tó oṣù kan sí méjì, ìrókò oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Íǹṣì 2 á gbà ju ìlọ́po méjì lọ.

PákóTútù:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé a ò lè sá a sínú oòrùn kó yá? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ?

AyùnŃlá:
Rárá o. Ojú tó kọ sí oòrùn á sún kì, èyí tó wà nísàlẹ̀ ò ní sún, pákó á wá tẹ̀ bí àwo.

Ẹ má fi oṣù nìkan wọ̀n ọ́n. Ẹ gé ègé kékeré láti inú pákó, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí ẹnu, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Ẹ fi sínú ààrò iná mànàmáná ní 103°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 115 tẹ́lẹ̀, tó wá di 100, omi inú rẹ̀ jẹ́ 15% ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀. Tó bá ti wà lábẹ́ 20%, olu ò lè hù níbẹ̀ mọ́. Férémù ìta lè lo 15%. Tábìlì tó máa wà nínú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ 10 sí 12%, nítorí náà ẹ gbé pákó rẹ̀ wọ inú yàrá yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀pá láàárín wọn, kí káfíńtà tó fọwọ́ kàn án.