Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo máa ń ṣe é kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru mi

Ará Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi yóò gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹni ọdún 47 ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Sẹkitéríàtì ní Àbújá níbí, Kubwa la sì ń gbé. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ti máa ń wà lẹ́bàá títì tí mò ń retí ọkọ̀. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wá mú wa ní Berger nírọ̀lẹ́, aago mẹ́jọ alẹ́ á ti lù kí n tó wọlé. Ìgbà yẹn ni mo máa ń jẹ oúnjẹ gidi àkọ́kọ́, èbà tàbí àmàlà, ẹ kúkú mọ bí òkèlè wa ṣe máa ń tó. Kí ó tó dà, mo ti sùn lọ sórí àga.

Nínú ìjọ, èmi ni olórí àwọn obìnrin tó ń dáná. Ìdúpẹ́, ìsìnkú, ìkómọ, ọjọ́ ìbí pásítọ̀, èmi náà ni. Ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù, ààwẹ̀ gbẹrẹfu títí di aago mẹ́fà, mọ́ọ̀tì tútù àti ìrẹsì dídín la sì fi ń ṣínu.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n wá yẹ ara wò fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Oúnjẹ ni mo gbé lọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, ni ọ̀kan nínú wọn bá ní kí n jókòó kí òun wọn tèmi náà. 158/98. Ó ní kí n sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n: 160/100. Mo gba ilé ìwòsàn lọ, ibẹ̀ náà kò yàtọ̀. Dókítà fún mi ní oògùn tí n óò máa lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn, kí n sì máa sùn.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan yìí rí, kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí mo rìn kẹ́yìn, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin kan ní ìdájí, n kò jáde mọ́ láti ọjọ́ náà. Wàyí o, arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ aládùúrà wa tún sọ fún mi pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í lo oògùn mọ́ ọn, pé ìgbàgbọ́ mi ló ń jò. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tó fi ń mọ́ yín lára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n máa gbàdúrà. Mò ń gbà á.

Màmá Ìbejì, Nyanya

Arábìnrin mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí èmi náà ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò sì tíì kú.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo ti gbìyànjú ìrìn, mo ti gbìyànjú okùn fífò (ẹ má rẹ́rìn-ín), kò sí èyí tó dúró. Ohun kan ṣoṣo tí n kì í pa jẹ ni àdúrà ìdájí. Ni mo bá ní kí n so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn. Lálẹ́, mo máa ń gbé ife omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì mi, mo sì máa ń gbé páálí oògùn lé ọmọrí ife náà. Kí n tó ṣí Bíbélì, mo gbọ́dọ̀ gbé ife yẹn kúrò, mo gbọ́dọ̀ mu ún. Oṣù kan gbáko, n kò ṣe ju ìyẹn lọ. Ọkọ mi ní ṣé ìyẹn náà ni mò ń pè ní ìtọ́jú ara.

Oṣù kejì ni mo gbé àdúrà ẹ̀bẹ̀ jáde kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Ọgbà ilé wa kò tóbi, téèyàn bá yí ilé po lẹ́ẹ̀kan kò ju ìṣísẹ̀ 60 lọ. Ìyípo kan, orúkọ èèyàn kan. Àwọn ọmọ mi mẹ́rin, ọkọ mi, ìyá mi. Tó bá yá mo fi àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kún un, mo fi alágbàtà wa kún un, èyí tó ń jẹ mí lówó. Géètì wà ní títì, kò sẹ́ni tó máa já fóònù mi. Nígbà tí mo máa fi wo aago, ìṣẹ́jú 20 ti lọ. Tí òjò bá ń rọ̀, kọ́rídọ̀ wà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ nǹkan mẹ́ta pa pọ̀. Ohun tó ń pa tiyín nìyẹn.

Ọ̀dọ́ Jabi

Mọ́mì, ẹ má sanwó jíìmù o. Mo san ti oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ.

Nọ́ọ̀sì, Gwagwalada

Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ má dá oògùn yẹn dúró fúnra yín, yálà nítorí ààwẹ̀ tàbí nítorí pé ara ti ń mókun. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn, ibẹ̀ ló ti burú. Tó bá ti ń lọ sókè sí 140/90 léraléra, iṣẹ́ ló ń ṣe lára ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ, kódà bí ẹ bá ń jó níwájú pẹpẹ.

Lórí ààwẹ̀: ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín, kí ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe ń gbà á gan-an, pé ẹ kì í mu omi. Oògùn ẹlẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, wọ́n lè ní kí ẹ lò ó ní ìdájí tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣínu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn tọ̀ gan-an. Ẹni tó bá lo irú ìyẹn, tí kò mu omi látàárọ̀, nínú oòrùn oṣù Kẹta ní Àbújá níbí, òyì lè gbé e ṣubú. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo oògùn, tiwọn tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan tí kò kún gegele. Iyọ̀ inú mágí wà nínú rẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni ti búrẹ́dì, ti indomie àti ti súyà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná fún ìjọ, lọ́jọ́ kan ẹ ka iye mágí tí ẹ ń jù sínú ìkòkò, kí ẹ kà á ní tòótọ́.

Ní ti ìrìn, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń sọ, tí ẹ bá sì gé e sí mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò burú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín nílé, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ẹ gbé apá lé tábìlì, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọn tiwọn níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ jà, wọ́n á wá ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Bàbá Aládùúrà

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà dẹ́rù bà yín. Olúwa ni Oníwòsàn wa. Ẹni ọdún 61 ni mí, n kò mọ adùn oògùn lẹ́nu, ààwẹ̀ ni oògùn mi. Ohun tí ẹ bá fi ẹnu yín jẹ́wọ́ náà lẹ máa rí.

Díákónì, Lugbe

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka 2 Àwọn Ọba orí 20 dáadáa. Ọlọ́run ti kọ́kọ́ ṣèlérí fún Hesekáyà pé òun máa wò ó sàn, pé òun máa fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìlérí ti dé ná o. Lẹ́yìn ìlérí ni Àìsáyà wá ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo tó ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìgbàgbọ́ Hesekáyà ń jò. Pọ́ọ̀lù náà ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ (ẹ̀yin tí ẹ ń wá àwáwí, díẹ̀ ló sọ).

Arábìnrin, ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Ìkòkò ni mo rí. Ẹ ka Ẹ́kísódù 18. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni Mósè jókòó tó ń dá ẹjọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run kọ́ ló ń ṣe. Àna rẹ̀ Jẹ́tírò wò ó títí, ó ní ohun tí o ń ṣe yìí kò dára, ó máa tán ọ lókun. Kò ní kó gbààwẹ̀ kún un. Ó ní kó wá èèyàn tó máa bá a pín in. Obìnrin mélòó ló lè dáná nínú ìjọ yín? Èwo nínú wọn lẹ ti fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná rí?

Kí n sòótọ́, àwa tí a ń ṣètò ìsìn la dá apá kan nínú èyí sílẹ̀. Ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, ìpàdé òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìsìn méjì lọ́jọ́ Àìkú, a ó wá máa béèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣubú. Ìjọ tèmi ti sọ ìṣọ́ òru di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Àwọn kan bínú. Àwọn tó bínú jù náà ló máa ń sùn jù nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bàbá Aládùúrà

Mi ò kúkú sọ pé kó má lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì, Gwagwalada

Bàbá, ẹ ṣé, sà. Ìgbà wo lẹ wọn tiyín kẹ́yìn?

Olóúnjẹ, Zuba

Oúnjẹ ni tèmi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mágí tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, mo ti dín in kù sí ìdajì nínú búkà mi, oníbàárà kan ò mọ̀. Àṣírí rẹ̀ ni irú. Kí ẹ ra irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, tàbí dàwàdáwà àwọn Háúsá, kí ẹ gún un mọ́ àlùbọ́sà àti ata rodo, kí ẹ din ín títí ọ̀rá á fi yọ. Tí òórùn yẹn bá ti jáde, ta ló ń wá mágí?

Ẹ ṣe ìwọ̀nba òkèlè alẹ́, kí ẹ gbé oúnjẹ ọ̀sán dání láti ilé. Ewé sògálè (mòríńgà) tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n fi kúlíkúlì àti àlùbọ́sà pò, ó dùn, kò sì wọ́n. Ẹ̀wà. Àchà, ọkà wẹ́wẹ́ àwọn ará Òkè Ọya, náà dára, ẹ lè rò ó bí òkèlè, àmọ́ kékeré náà ni kí ẹ bù, kì í ṣe pé torí ó jẹ́ àchà kí ẹ wá bu ràbàtà.

Ẹ má fi mọ́ọ̀tì ṣínu mọ́. Omi, lẹ́yìn náà ìbẹ́pẹ, tó bá di bí ìdajì wákàtí, mọ́ínmọ́ín àti ògì. Sóbò náà wà, ìṣápá pupa tiwa náà ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní ìgò, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ẹ sè é fúnra yín, kí ẹ fi atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó sè é, adùn èèpo yẹn tó o.

Nọ́ọ̀sì, Gwagwalada

Ẹ fi kún un pé sóbò kò lè gba ipò oògùn, kí ẹ sì sọ fún dókítà tí ẹ bá ń mu ún lójoojúmọ́.

Ará Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọjọ́ mẹ́wàá rèé tí mo ti kọ̀wé yìí, mo ní kí n padà wá jíyìn.

Mo ka mágí inú ìkòkò ìrẹsì ọjọ́ Àìkú. Méjìlélógójì. Ojú tì mí, mo tún un kà nítorí mo rò pé mo ṣì í. Lọ́jọ́ Àìkú àná, mo fi ogún sí i, mo sì ṣe irú bí Olóúnjẹ ṣe wí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀, ó ní ìrẹsì òní ń rùn bí ti ilé ìyá àgbà, ó sì padà wá bù sí i.

Dókítà ní kí n máa lo oògùn ní ìdájí, ó sì ní ní báyìí ná, kí n máa mu omi tí mo bá ń gbààwẹ̀. Mo sọ fún pásítọ̀ wa. Ó ní òun náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọdún mẹ́jọ! Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná ló ṣòro jù. Ìkómọ kan ń bọ̀ ní Sátidé yìí, mo gbé e fún arábìnrin tó tẹ̀ lé mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní rárá. N kò tíì mọ bí n óò ṣe jókòó láàárín àwọn àlejò láìdìde lọ wo ìkòkò.

Ife omi àti oògùn ń lọ dáadáa. Mo mọ̀ pé Màmá Ìbejì ní kí n má bẹ̀rẹ̀ nǹkan mẹ́ta pa pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ ìyípo ilé. Ọmọ mi mẹ́ta ni, mo pe ọkọ mi, mo pe ìyá mi, ara mi ṣì fẹ́ rìn sí i, n kò sì rí orúkọ pè mọ́. Ni mo bá fi ìyípo kẹfà pe arákùnrin tó ní ìgbàgbọ́ mi ń jò yẹn.

Màmá Ìbejì, Nyanya

Ìyẹn kò lè jẹ́ ìyípo kan. Ẹ fi méjì kún un fún un.