Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn mi: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ẹ kú ilé o. Ọdún kẹta rèé tí hátì-àtáàkì gbé mi ṣánlẹ̀ ní Baltimore níbí. Wọ́n tètè ṣí iṣan tó dí, ṣùgbọ́n apá kan ẹran ọkàn mi ti kú. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń kún yàrá òsì rẹ̀, ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń tú jáde. Ti ẹni tára rẹ̀ le máa ń ju 50 lọ. Mo lo òògùn fóṣù mẹ́ta, bóyá á gbérí. Kò gbérí.

Ìgbà náà ni wọ́n fi ICD, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, tó sì ń fi iná ta á bí ìlù rẹ̀ bá dàrú, sí mi lábẹ́ awọ, nísàlẹ̀ èjìká òsì. Wáyà rẹ̀ gba inú iṣan wọ ọkàn. Mo bẹ̀rù gan-an, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé Baltimore yìí náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sára èèyàn, nílé ìwòsàn Johns Hopkins, lọ́dún 1980, lọ́wọ́ ikọ̀ dókítà Michel Mirowski, ọmọ Poland.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì, òòyì kọ́ mi, àfi gbì! Bí ìgbà tí ẹṣin ta èèyàn nípàá láyà. Ẹ̀wà fọ́n ká ilẹ̀. Ìyàwó mi ń pè mí, ó ń pe Jésù. Nígbà tí wọ́n wo ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, ọkàn mi ti ń gbọ̀n dípò kó máa lù. Iná ẹ̀rọ ló jí i padà. Kò wo ọkàn sàn o, ẹ̀ṣọ́ ni. Mo ṣì ń lo òògùn mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá rí ẹ̀wà nínú àwo, àyà mi a já. Ẹ̀yin tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

—

Ẹ kú ewu, bàbá. Ti màmá mi ní wáyà mẹ́ta, torí apá ọ̀tún àti òsì ọkàn wọn ò lù pọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń mú méjèèjì lù lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìdá 25 tí ọkàn wọn ń tú jáde di 38, ẹsẹ̀ wọn tó wú tí kì í wọ sálúbàtà sì padà sípò.

Tiwọn náà ti ta wọ́n rí, nílé ìwẹ̀. Wọn ò fẹ́ wọbẹ̀ mọ́. Mo ń jókòó tì wọ́n lórí àga lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín bá yín ṣa ẹ̀wà náà, sà. Ó tó oṣù méjì, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, màmá mi ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ mi síta, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń kọrin.